Ṣé Kristẹni lè ka sàíkọ́lọ́jì dé ìpele Masters kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ má yingin?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo gboyè nínú sàíkọ́lọ́jì, ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ènìyàn, mo sì ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Mo fẹ́ ka Masters kí n lè máa tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn dàrú. Pásítọ̀ wa ní kí n ṣọ́ra, pé ìmọ̀ Freud ni, pé Freud ò gba Ọlọ́run gbọ́, pé Bíbélì ti tó. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Texas ní àwọn yunifásítì Kristẹni wà lọ́dọ̀ wọn tí wọ́n ti ń fi Bíbélì kọ́ sàíkọ́lọ́jì, pé kí n ní sùúrù kí n wá owó lọ síbẹ̀ dípò kí n lọ sí Ìbàdàn. Ìyá mi ní kí n kúkú lọ ka nǹkan míì. Mi ò fẹ́ kí ìgbàgbọ́ mi yingin, mi ò sì fẹ́ fi ọjọ́ ayé mi ṣòfò. Kí ni kí n ṣe, mà?”

Àbúrò mi, mo kí ọ. Ẹ̀rù mẹ́ta ló wà nínú lẹ́tà rẹ, o sì ti dì wọ́n pọ̀ débi pé o ń rí wọn bí ẹyọ kan. Pásítọ̀ yín ń bẹ̀rù ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń bẹ̀rù ilé-ìwé tí wọn kì í ti í dárúkọ Jésù. Ìyá rẹ ń bẹ̀rù ebi. Màá tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ìdáhùn wọn ò dọ́gba. Kí n tètè sọ èrò tèmi ná, kí o lè mọ ibi tí mò ń lọ: lọ ka Masters náà, kí o sì lọ síbi tí wọ́n ti máa kọ́ ọ níṣẹ́ dáadáa, ìbáà jẹ́ ilé-ìwé ìjọba. Àmọ́ má ṣe retí pé ilé-ìwé kan wà, nílé tàbí lókè òkun, tó máa bá ọ so ìgbàgbọ́ àti ìmọ̀ yìí pọ̀ tán kó tó gbé ìwé-ẹ̀rí lé ọ lọ́wọ́. Ìbéèrè tó ń dun àwọn ìjọ tiwa jù, àwa la ṣì máa jókòó dáhùn rẹ̀.

Jẹ́ ká mú ti pásítọ̀ ṣáájú, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 1927, Sigmund Freud, dókítà ará Austria tó dá ọ̀nà kan sílẹ̀ láti fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ọkàn, tẹ ìwé kékeré kan jáde, ó sì sọ níbẹ̀ pé ẹ̀tàn tí ọmọ aráyé fi ń tu ara wọn nínú ni ẹ̀sìn. Kò fi bò rárá. Ohun tí pásítọ̀ lè má tíì gbọ́ ni pé láti ọdún 1909 títí Freud fi kú ní 1939, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ tí òun àti wọn jọ ń kọ lẹ́tà síra wọn ni Oskar Pfister, pásítọ̀ ìjọ kan ní ìlú Zürich ní Switzerland. Pfister ń lo ọ̀nà ìtọ́jú Freud láti fi ran àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí ìwé 1927 yẹn jáde, Pfister kọ èsì tirẹ̀ ní 1928, ó ta kò ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní gbangba, ọ̀rẹ́ wọn ò sì tìtorí ẹ̀ bàjẹ́. Ẹni tó mọ ohun tó gbà gbọ́ lè jókòó ti irú Freud, kó mú èyí tó wúlò, kó sì fi èyí tó kù sílẹ̀ fún un.

Ìyẹn tiẹ̀ kéré. Tí o bá wọ kíláàsì Masters lónìí, Freud ò ní gba àkókò rẹ tó bí o ṣe rò. Ohun tó máa pa ọ́ lẹ́kún níbẹ̀ ni statistics, ìṣirò tí a fi ń yẹ àbájáde ìwádìí wò. Wàá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwádìí, bí wọ́n ṣe ń yẹ ìrántí àti òye ènìyàn wò, bí a ṣe ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ìsoríkọ́ àti ìbànújẹ́ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, bí a ṣe ń bá ẹni tó ń rò ó láti pa ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wàá kọ́ ọ̀nà ìtọ́jú tí Aaron Beck bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, èyí tó máa ń jẹ́ kí aláìsàn mú èrò tó ń yí lọ́kàn rẹ̀ síta, kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni. Mi ò tíì rí ẹsẹ Bíbélì tó lòdì sí ìyẹn. Àwọn ẹ̀kọ́ kan wà tó máa bá ìgbàgbọ́ rẹ jà, mi ò ní purọ́ fún ọ: àwọn olùkọ́ kan máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ènìyàn ò ju ọpọlọ àti ìwà tí wọ́n fi kọ́ ọ lọ, pé ohun tí a ń pè ní ẹ̀ṣẹ̀ ò sí. Èrò olùkọ́ nìyẹn, kò sí nínú àbájáde ìwádìí kankan, wàá sì mọ bí a ṣe ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ tí o bá kọ́ statistics yẹn dáadáa.

Àwọn onígbàgbọ́ náà sì ti wà nínú ilé yìí tipẹ́. Anton Boisen, àlúfáà kan ní Amẹ́ríkà, orí òun fúnra rẹ̀ dàrú ní 1920, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó di àlúfáà ilé ìwòsàn irú wọn kan ní Worcester, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní 1925 ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ àlúfáà wá síbẹ̀ kí wọ́n wá kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́sẹ̀ àwọn aláìsàn. Ibẹ̀ ni ètò tó ń kọ́ àlúfáà níṣẹ́ nínú ilé ìwòsàn ti bẹ̀rẹ̀. Carl Rogers ńkọ́, ẹni tí gbogbo oníkáńsẹ́lìn ń jẹ lára iṣẹ́ rẹ̀ dòní? Ilé-ẹ̀kọ́ àlúfáà ló kọ́kọ́ wọ̀ ní New York kó tó sọdá sí sàíkọ́lọ́jì. Rogers ò padà di àlúfáà, ìgbàgbọ́ ìdílé rẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ inú ilé-ẹ̀kọ́ àlúfáà yẹn gan-an ni iyèméjì ti ń dàgbà nínú rẹ̀, kó tó sọdá sí sàíkọ́lọ́jì. Sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n rẹ tó bá ní orúkọ ilé-ìwé ló ń dáàbò bo ìgbàgbọ́.

Ọ̀rọ̀ pé Bíbélì ti tó náà ní ìtàn tirẹ̀. Jay Adams, pásítọ̀ Presbyterian ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan ní 1970 tó dá agbo ńlá sílẹ̀. Ó ní kí àwọn pásítọ̀ yé fa àgùntàn wọn lé àwọn aláìgbàgbọ́ lọ́wọ́, pé Bíbélì tó fún ìgbaninímọ̀ràn, pé tí a bá yọ àìsàn tó ti inú ara wá kúrò, ẹ̀ṣẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní àrùn ọkàn. Apá kan wà tí mo gbà lára ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó ń wá sí ọ́fíìsì mi, ìrònúpìwàdà ni òmíràn nínú wọn nílò: ẹni tó ń parọ́ fún ìyàwó rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ tí kò wá lè sùn mọ́, kí ni n óò fi ìtọ́jú ṣe fún un tí kò bá kọ́kọ́ sòótọ́? Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́nà wọn ni ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́mọ titun tó ń wo ọmọ rẹ̀ tó ń rò pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ fún òun. Ẹni tó bá ṣí Bíbélì láti wá ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin yẹn lè ṣekú pa ìyá, kó tún ṣekú pa ọmọ. Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní orí 19, nígbà tí Èlíjà jókòó sábẹ́ igi tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, ó sùn, áńgẹ́lì sì jí i lẹ́ẹ̀mejì pé kó jẹun, kí Ọlọ́run tó bi í ní ìbéèrè kankan.

Lódìkejì Adams, ọdún 1965 ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ ìsìn Fuller ní California ti dá ẹ̀ka sàíkọ́lọ́jì sílẹ̀, níbi tí ẹni tó ń kàwé láti di onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì á ti máa ka ẹ̀kọ́ ìsìn pẹ̀lú rẹ̀. Rosemead náà wà ní California, ó dara pọ̀ mọ́ Yunifásítì Biola ní 1977. Wheaton wà ní Illinois, George Fox wà ní Oregon. Àwọn yìí gbà pé Ọlọ́run kan náà ló ni Bíbélì àti ẹ̀dá, kí a máa ka méjèèjì pọ̀. Àwọn míì bíi David Myers, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ti Hope College, ní kí sàíkọ́lọ́jì dúró láyè tirẹ̀, kí ẹ̀kọ́ ìsìn dúró láyè tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀kan ti èkejì lulẹ̀. Nítorí náà, tí ilé-ìwé kan bá sọ fún ọ pé ojú Kristẹni làwọn fi ń wo sàíkọ́lọ́jì, béèrè pé ojú Kristẹni èwo. Ìdáhùn wọn máa yàtọ̀ síra bí ọjọ́ àti òru, gbogbo wọn á sì fi ẹsẹ Bíbélì gbè é.

Mo wá fẹ́ sọ ohun kan tí mi ò rò pé pásítọ̀ yín tíì sọ jáde. Ìfura ìjọ wa sí irú iṣẹ́ yìí ti wà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Freud nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ńlá ti ọdún 1918 dé, tí oògùn Òyìnbó ò ran nǹkan kan, tí tìbílẹ̀ náà ò ràn án, àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde kan fi ẹ̀mí wọn lé àdúrà. Lára ohun tó jáde látinú irú àgbájọ bẹ́ẹ̀ ni ìsọjí Òkè-Oòyè ní Iléṣà lọ́dún 1930, tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá fi omi àti agogo ṣe iṣẹ́ ìwòsàn. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì Àpọ́sítélì wá láti Bìrìtìkó tí àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ wa rí i pé àwọn àlejò náà ń lo kuníìnì, oògùn ibà, ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tó fa ìyapa. Ìjọ tó bá ti bá kuníìnì jà rí, ó yé mi ìdí tó fi máa yẹjú wo ẹni tó ní òun fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu wo ìsoríkọ́ sàn. Ẹ̀rù yìí ní ìgbàgbọ́ gidi nínú, kò yẹ kí o fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sì yẹ kí o mọ̀ pé ìwé Amẹ́ríkà tó ń dá Freud lóhùn ò ní dáhùn rẹ̀.

Torí wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọmọ kan ń ka ìwé ní fásitì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀, kò wẹ̀ mọ́, ó ní wọ́n ń lé òun. Lọ́dọ̀ àwọn Kristẹni Amẹ́ríkà tó kọ àwọn ìwé wọ̀nyí, ìbéèrè ilé á jẹ́: ṣé àìsàn ni àbí ẹ̀ṣẹ̀? Lọ́dọ̀ tiwa, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: ta ló ń ṣe é? Ìyàwó bàbá ni, àbí ẹ̀gbọ́n ìyá, àbí ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá? Kí ìdílé tó mú ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n á ti gun òkè àdúrà, wọ́n á ti ṣe ìdáǹdè, wòlíì á ti dárúkọ ẹnìkan, ìdílé á sì ti tú ká. Àìsàn ọmọ ṣì wà níbẹ̀, ọ̀tá wá kún un. Sàíkọ́lọ́jì tí o máa kọ́ níbikíbi máa ràn ọ́ lọ́wọ́ láti rí àìsàn náà. Ẹ̀kọ́ ìsìn tí wọ́n ń kọ́ ní California ò ní sọ fún ọ ohun tí wàá sọ fún ìyá tó ti gbà pé àbúrò òun ló jẹ ọpọlọ ọmọ òun.

Ìwádìí kan wà tí mo máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kà lórí èyí. Kenneth Pargament, Harold Koenig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2001. Wọ́n fi ọdún méjì tẹ̀lé àwọn àgbàlagbà aláìsàn 596 ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń rò pé Ọlọ́run ti kọ àwọn sílẹ̀, àwọn tó ń ṣiyèméjì bóyá Ọlọ́run fẹ́ràn wọn, àti àwọn tó ní èṣù ló fa àìsàn àwọn, ikú pọ̀ láàárín wọn díẹ̀ ju láàárín àwọn yòókù lọ, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti ka bí àìsàn kálukú ṣe le tó mọ́ ọn. Ìwádìí yìí ò fi hàn pé èrò yẹn ló pa wọ́n, Amẹ́ríkà sì kọ́ ni Iléṣà. Ṣùgbọ́n ronú nípa ohun tó túmọ̀ sí fún wa tí ẹ̀kẹta nínú àwọn èrò yẹn, pé èṣù ló fa àìsàn, jẹ́ ohun tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní ọ̀pọ̀ ilé àdúrà wa. Ta ló ti lọ wọ̀n ọ́n nílẹ̀ yìí, láàárín àwọn tó ń gbàdúrà ìdájí? Ìbéèrè tó tó ṣe tíísìs nìyẹn, o ò sì nílò físà láti béèrè rẹ̀. Ilé-ìwé ìjọba ò ní lé ọ torí ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Everett Worthington ti Virginia Commonwealth University, ilé-ìwé ìjọba, Kristẹni ni. Ìwádìí lórí ìdáríjì ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe níbẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ náà lọ kódà lẹ́yìn tí olè pa ìyá rẹ̀ nílé ní ìparí ọdún 1995.

Ẹnìkan ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí nílé fún wa pẹ̀lú. Thomas Adéoyè Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé Àrò ní ìlú náà ní 1954. Dípò kí wọ́n ti aláìsàn mọ́lé, òun àti ará ilé rẹ̀ kan á máa gbé lábúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, á máa gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, á máa bá ará abúlé ṣiṣẹ́ oko, Lambo sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra láti gbọ́ tẹnu wọn. Lambo ò fi ìgbàgbọ́ àwọn èèyàn ṣẹ̀sín, kò sì jẹ́ kí ìgbàgbọ́ yẹn dí oògùn lọ́nà. Ìjọ wa ò tíì ní Lambo tirẹ̀. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde nípa àwọn aláìsàn ọpọlọ tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so mọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà, ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú àwọn ibi tí wọ́n ti rí wọn, ibi ìtọ́jú àwọn Mùsùlùmí wà níbẹ̀, ti oníṣègùn ìbílẹ̀ náà àti ti ìjọba. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023 ni wọ́n tó fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ titun tó rọ́pò òfin tí a jogún látọ̀dọ̀ àwọn Òyìnbó amúnisìn. Òfin nìkan ò lè tú ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni lórí òkè àdúrà. Ẹni tí wòlíì máa gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, tó sì mọ iṣẹ́, ló lè tú u.

Ó yá, ilé-ìwé. Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ẹ̀ka sàíkọ́lọ́jì láti 1976. Ohun tó yẹ kí o lọ wò níbẹ̀, tàbí níbòmíràn nílé, ni ìkọ́ṣẹ́: ilé ìwòsàn wo ni wọ́n máa gbé ọ lọ, oṣù mélòó, ta ni ọ̀gá tó máa jókòó gbọ́ bí o ṣe bá aláìsàn sọ̀rọ̀ tó sì máa tún un ṣe fún ọ? Lọ bá àwọn tó ti ṣe é ṣíwájú rẹ, má gba ti ìwé pẹlẹbẹ gbọ́. Ìyà ilé-ìwé ìjọba ò tuntun sí ọ: ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn olùkọ́ lè sọ ọdún kan ààbọ̀ di mẹ́ta, alábòójútó tíísìs sì lè di ẹni àwátì. Àmọ́ wàá rí aláìsàn, wọ́n á pọ̀, Mùsùlùmí, Kristẹni, oníṣẹ̀ṣe, olówó, akúùṣẹ́. Iṣẹ́ yìí kò ṣeé kọ́ láìrí wọn.

Àwọn yunifásítì ìjọ tó wà nílé ńkọ́? Covenant ní Ọ̀tà àti Redeemer’s ní Ẹdẹ ní sàíkọ́lọ́jì. Kálẹ́ńdà wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀, owó wọn ló ga. Má sì rò pé nítorí ìsìn tó wà láàárọ̀, olùkọ́ statistics á máa fi ìwé Róòmù kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìwé kan náà tí wọ́n ń kà ní Ìbàdàn ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìtọ́jú ọmọ ìjọ ló ń wù ọ́ ju ilé ìwòsàn lọ, ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti wà láti 1898, ń kọ́ni ní ìtọ́jú àti ìmọ̀ràn fún ọmọ ìjọ. Ẹ̀kọ́ gidi ni, àmọ́ kò ní sọ ọ́ di onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ilé ìwòsàn.

Ti Amẹ́ríkà, kí ẹ̀gbọ́n rẹ gbọ́ dáadáa. Oyè ọ̀mọ̀wé ni wọ́n fi ń ṣe onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì níbẹ̀, Masters nìkan kò tó ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. PhD, tó dá lórí ìwádìí, lè gba ọdún márùn-ún sí méje, PsyD, tó dá lórí ìtọ́jú aláìsàn, lè dín díẹ̀, ọdún kan gbáko sì wà nínú rẹ̀ fún ìkọ́ṣẹ́. Yunifásítì tó ń ṣe PhD lè máa sanwó fún ọ tí o bá ń bá olùkọ́ ṣèwádìí. PsyD, èyí tó pọ̀ jù láàárín ilé-ìwé Kristẹni, ìwọ lo máa ń sanwó rẹ̀, gbèsè rẹ̀ sì lè bá ènìyàn dàgbà. Fún oyè ọ̀mọ̀wé, béèrè bóyá APA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i. Fún Masters nínú ìgbaninímọ̀ràn, béèrè bóyá CACREP, àjọ tó ń yẹ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wò, fọwọ́ sí i. Àwọn ilé-ìwé Kristẹni mẹ́rin tí mo dárúkọ lókè ṣe orúkọ ní ìpele ọ̀mọ̀wé, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àwọn kan nínú wọn á sì ní kí o fọwọ́ sí ìwé ohun tí wọ́n gbà gbọ́, kí o kà á kí o tó fọwọ́ sí i. Ní Texas, Baylor ti àwọn Onítẹ̀bọmi ní PsyD, àyè ibẹ̀ ò pọ̀. Bìrìtìkó ní ọ̀nà tirẹ̀, oyè ọ̀mọ̀wé ọdún mẹ́ta, àjọ HCPC ló sì ń fi orúkọ ẹni sínú ìwé kó tó lè pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ilé ìwòsàn. Ìmọ̀ràn mi ni pé tí owó ò bá sí nílẹ̀, má jókòó ti ọ̀nà òkè òkun. Ka Masters nílé, ṣe ìwádìí tó dára, kí o wá fi ṣe àtẹ̀gùn sí PhD tó ń sanwó, bó bá ṣì wù ọ́ nígbà náà.

Sá fún ìwé-ẹ̀rí oṣù mẹ́fà tó ń pe ènìyàn ní Dókítà Káńsẹ́lọ̀ Kristẹni. Mo ti rí àwọn tó gbé e kọ́ sára ògiri tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ aláìsàn. Tí NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ò bá mọ ilé-ìwé náà, tí kò sì sí ilé ìwòsàn nínú ẹ̀kọ́ wọn, àdúrà tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ò sọ ọ́ di nǹkan.

Nípa ìgbàgbọ́ rẹ gan-an, èmi kì í ṣe pásítọ̀, mi ò sì lè mọ ìpè tó wà lórí ẹlòmíràn. Ohun tí mo lè sọ ni ohun tí mo rí lára àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́. Ìwé kọ́ ló ń mì wọ́n. Aláìsàn ni. Ọmọbìnrin tí alàgbà ìjọ bá sùn tí ìjọ sì ní kó dákẹ́. Ọkùnrin tó gbààwẹ̀ títí tí ohùn tó ń gbọ́ ò lọ, tí ìṣẹ́jú tó fi gbé oògùn mì wá ṣe ohun tí ààwẹ̀ ò ṣe. Tí ẹ̀kọ́ ìsìn rẹ bá jẹ́ ti ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi nígbà tí sàíkọ́lọ́jì rẹ jẹ́ ti Masters, èyí tó tóbi máa gbé èyí tó kéré mì. Nítorí náà ka ìwé ìsìn tó le, ka Orin Dáfídì 88 tó parí sínú òkùnkùn tí ẹnikẹ́ni ò tún un ṣe, ka Jóòbù tán dé ibi tí Ọlọ́run ti bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. Wá àgbàlagbà onígbàgbọ́ kan tí ọ̀rọ̀ kì í dẹ́rù bà, tí o lè lọ bá lẹ́yìn iṣẹ́. Má sì fi orúkọ aláìsàn kankan sínú àdúrà ẹgbẹ́, má sọ àṣírí rẹ̀ fún pásítọ̀ tó bá béèrè, ìbáà jẹ́ pásítọ̀ tiyín. Tí aláìsàn bá ní kí o bá òun gbàdúrà, tí ọ̀gá rẹ sì mọ̀ sí i, mi ò rí ibi níbẹ̀. Tí kò bá béèrè, iṣẹ́ tí o kọ́ ni kí o ṣe fún un. Mùsùlùmí tó bá jókòó níwájú rẹ ò wá ṣe ìyípadà.

Ó ku ti ìyá rẹ, òun ni ẹ̀rí pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Owó iṣẹ́ yìí nílé kì í tètè dé. Ilé ìwòsàn ìjọba kì í gba onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì lọ́pọ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ti ń dúró. Àwọn tí mo mọ̀ tó ń jẹun níbẹ̀, iṣẹ́ wọn kì í jẹ́ ẹyọ kan: àárọ̀ ní ilé ìwòsàn, ọ̀sán ní ilé-ìwé aládàáni tó nílò oníkáńsẹ́lìn, òmíràn ń bá ilé-iṣẹ́ yan òṣìṣẹ́. Bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ nípa owó ní tààràtà, bí ọdún ṣe máa pọ̀ tó, ta ni á sanwó yàrá, kí ni wàá máa ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Tó bá rí i pé o ti ṣírò rẹ̀, ohùn rẹ̀ lè yí padà. Bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè transcript rẹ láti ilé-ìwé tí o ti jáde láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, torí ìwé yẹn ló máa ń pẹ́ dé jù, àyè ìgbàwọlé kì í sì í dúró dè é.